Wáìnì Aláwọ̀ Ọsàn Nínú Oko Kajú Bàbá Mi

Ní Manigri, ìlú wa, tí àsìkò kajú bá ti wọlé, kò sí ẹni tí wọ́n ń sọ fún. Òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Á gba ojú fèrèsé wọlé, á bá ènìyàn jókòó síbi oúnjẹ, òórùn dídùn tó ti ń kan díẹ̀díẹ̀, nítorí pé abẹ́ igi ni gbogbo èso náà ń jẹrà sí. Kóró ìdí rẹ̀ nìkan ni àwọn oníṣòwò ń wá. Wọ́n á já kóró, wọ́n á sọ èso tó kún fún omi sílẹ̀. Ewúrẹ́ á jẹ díẹ̀, eṣinṣin á jẹ ìyókù. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú, bẹ́ẹ̀ èmi náà kì í ṣe ẹni tí inú rẹ̀ ń pẹ́ bí. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, ẹkún ìjà ni.

Ìyá mi ni bàbá mi ń pè mí, nítorí pé ojú ìyá rẹ̀ ni mo gbé wá sáyé. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí, ẹ̀rù mi ló ń bà á. Ohun kan ṣoṣo ló wà tí kò bá wa ṣeré lé lórí nígbà tí a wà lọ́mọdé: kajú àti wàrà. Gbogbo ọmọ ìlú wa ló mọ̀ pé ẹni tó bá jẹ kajú kò gbọdọ̀ fẹnu kan wàrà màlúù lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ èyí tó tutù, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n sè. Wọ́n ní tí méjèèjì bá pàdé nínú ikùn, wọ́n á di májèlé, ilẹ̀ kò sì ní ṣú kí wọ́n tó máa gbẹ́lẹ̀. Tí obìnrin Fúlàní bá gbé igbá wàrà wá sẹ́nu ọ̀nà wa, bàbá mi á tò wá sórí ìlà, á ní kí a la ẹnu, á máa gbóòórùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń rùn kajú, ó di ọ̀la. Mo ti sunkún nítorí wàrà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ju ìgbà tí mo lè rántí lọ.

Oko kajú bàbá mi kò jìn sí títì tó lọ sí Bassila. Òun àti ìyá wa ló gbìn ín, nígbà tí oyún ẹ̀gbọ́n mi àgbà ṣì wà nínú ìyá wa. Ìyá wa ń pọnmi, bàbá mi ń gbẹ́lẹ̀. Ìyá wa ti lọ báyìí, àwọn igi náà sì ti gbó, wọn ò so bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta pákó ní Bassila, wá dá a lábàá pé kí a gé wọn, kí a fi ilẹ̀ náà gbin iṣu. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Iṣu ni gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dára. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló gbà pẹ̀lú rẹ̀, àní èmi náà ì bá gbà, bí kì í bá ṣe ti ojú bàbá mi tí mo wò lọ́jọ́ náà. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn gbé fìlà rẹ̀, ó gba oko lọ.

Àràárọ̀ ló ń lọ síbẹ̀, iṣẹ́ wà o, iṣẹ́ kò sí o. Á gbálẹ̀ abẹ́ igi tó tóbi jù, á jókòó. Mo mọ̀ pé ìyá wa ló ń lọ kí. Ẹ̀rù bà mí gidigidi pé tí wọ́n bá gé igi wọ̀nyẹn, kò ní ríbi lọ láàárọ̀ mọ́, arúgbó tí kò sì ríbi lọ láàárọ̀ kì í pẹ́ dùbúlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wáìnì ti wọ̀ ọ́ nìyí. Kí n tó di olùkọ́ ní Bassila, mo kàwé díẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, mo sì lọ bá wọn kórè èso àjàrà ní àsìkò kan, ní oko ìyá àgbàlagbà kan tó máa ń kọrin sínú bó bá ń ṣiṣẹ́. Wáìnì pupa àti wáìnì funfun ni mo rò pé ó wà láyé, àfi ọjọ́ tí ìyá náà bu ohun kan fún mi nínú ife, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa. Mo bèèrè bóyá ọsàn ló fi ṣe é. Ó ní ọsàn kankan kò dé ibẹ̀, àwọ̀ lásán ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo mu ún. Ó fa ahọ́n mi díẹ̀, ó wá sinmi, ó dùn mọ́ mi lọ́fun. Mo ní kó ṣàlàyé, ó sì ṣàlàyé.

Ó ní tí a bá fẹ́ ṣe wáìnì funfun, a ó mú àjàrà funfun tí èèpo rẹ̀ mọ́, a ó fún omi rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, a ó da èèpo nù, omi nìkan ni a ó jẹ́ kó hó. Tó bá jẹ́ pupa, àjàrà dúdú ni, èèpo rẹ̀ á wà nínú omi náà kí pupa lè jáde. Ti aláwọ̀ ọsàn yìí ńkọ́? Àjàrà funfun ni wọ́n mú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é bí ẹni ń ṣe pupa. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n jẹ́ kí èèpo àti kóró jókòó sínú omi tiwọn, ní ọjọ́ mélòó kan tàbí ní oṣù mélòó kan, bí ẹni tó ń ṣe é bá ṣe fẹ́. Èèpo náà ló ń fún un ní àwọ̀, òun náà ló ń fún un ní agbára tó ń fa ahọ́n. Ìwúkàrà tó wà lára èèpo látinú oko ló máa ń mú un hó, á ti èèpo sókè, á wá di pé kí ènìyàn máa fi igi tẹ̀ ẹ́ padà sísàlẹ̀ kó má baà bà jẹ́. Ìyá náà jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé nǹkan tí àwọn yòókù ń dà nù, òun kò dà á nù, ara rẹ̀ ló sì ti rí adùn.

Ọ̀rọ̀ yìí sùn sínú mi fún ọdún púpọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ igi gígé ló jí. Mo dúró sí abẹ́ igi kajú, mo wo èso tó tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ, mo sì ń bú àwọn oníṣòwò bí mo ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, ni mo bá dákẹ́ lójijì. Kajú kò ní èèpo tí ènìyàn lè bó. Èèpo àti ẹran rẹ̀ jọ wà ni. Òun náà ń fa ahọ́n. Òun náà ní ìwúkàrà lára, ṣebí ó ń hó fúnra rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ tí ewúrẹ́ ń mutí yó. Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Bassila.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní àsìkò kajú yìí nìkan," mo ní. "Màá fi èso rẹ̀ ṣe ọtí tí ẹ ó fẹnu ara yín ní kí wọ́n má gé igi."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọtí? Ṣé ṣùkútù ti tán ní Manigri ni?"

"Ṣùkútù wà níbẹ̀. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe igi ìyá wa."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ó dáa. Ó ní òun á mú agégi wá nígbà tí kajú bá ń parí lọ. Tí ọtí náà bá ṣe é mu, àwọn igi á dúró. Tí kò bá ṣe é mu, kí n má bá òun sọkún. Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi náà gbọ́, ìgbà yẹn ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́.

Àkọ́ṣe mi, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú rẹ̀. Mo ṣa èso tó ti pọ́n tí kò tíì bẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo gé e wẹ́wẹ́, mo dà á sínú bídọ́ọ̀nù, ike ìpọnmi ńlá tí mo gé orí rẹ̀, mo fi aṣọ funfun bò ó. Ọjọ́ kejì ó ti ń hó, ó ń dún ṣìì ṣìì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Mo ń fi igi ìrokà tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, inú mi ń dùn, mo ń kọrin ìyá ilẹ̀ Faransé. Àṣìṣe mi ni pé mo fi èèpo sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìgbà tí àjàrà ń lò. Kajú kì í ṣe àjàrà. Nígbà tí mo sẹ́ ẹ, tí mo bu fún bàbá mi, ó mu ún, ètè rẹ̀ méjèèjì súnkì wọlé, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ó nawọ́ sí omi. Lẹ́yìn ìgbà tó mu omi tán ló tó lè sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi," ó ní, "ṣé èmi ni o fẹ́ gé kí wọ́n tó gé igi?"

Mo bínú, mo da gbogbo rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò kú, ìyẹn sì tù mí nínú díẹ̀.

Ìkejì, n kò jẹ́ kí èèpo pẹ́ nínú rẹ̀. Ìgbà tí àwọ̀ ti jáde tó sì ti hó dáadáa, mo sẹ́ ẹ, mo fún èèpo rẹ̀ gbẹ. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fa ahọ́n jù. Mo wá rántí àwọn obìnrin tó ń ta omi kajú tútù ní Bassila, bí wọ́n ṣe máa ń da omi ìrẹsì sínú rẹ̀, tí gbogbo ohun tó ń fa ahọ́n á dì, á rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á sì rọra bu omi tó mọ́ kúrò lójú rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò da omi ìrẹsì náà púpọ̀, nítorí n kò fẹ́ kí gbogbo fífa náà lọ. Fífa yẹn ni wáìnì aláwọ̀ ọsàn. Tí ó bá lọ tán, omi dídùn lásán ló kù.

Bàbá mi ló ń tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Láàárọ̀ ni mo máa ń bu díẹ̀ fún un kí n tó gun mọ́tò, alùpùpù mi, lọ sí iléèwé ní Bassila. Mo ṣàkíyèsí pé ní àwọn ọjọ́ yẹn, obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà tún ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo rò ó pé eyín bàbá ló ń dùn ún, pé nǹkan rírọ̀ ló ń wá. N kò bi í. Orí mi kún fún èèpo àti omi ìrẹsì, kò sáyè fún nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ìkẹta ló wá yọrí sí rere. Mo bù ú sínú ife tí ènìyàn lè rí inú rẹ̀, mo gbé e sókè sójú oòrùn, àwọ̀ ọsàn ni. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn, ó kan, ó fa ahọ́n díẹ̀, ó sì sinmi. Mo bú sẹ́kún nínú ilé ìdáná bí ọmọdé, mo sì ń rẹ́rìn-ín pa pọ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ pé. Ẹ̀gbọ́n mi dé láti Bassila, agégi sì tẹ̀lé e lórí mọ́tò tirẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó wá láti Alédjo, ẹ̀rọ tó fi ń gé igi wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi okùn dì í. N kò fẹ́ rí ẹ̀rọ náà sójú. Ṣùgbọ́n àlejò ni àlejò. Mo fẹ́ ṣe wọ́n lálejò débi pé ojú á tì wọ́n láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ti tọ obìnrin Fúlàní náà lọ ní ìdájí, mo ra wàgàṣì tó dára jù, wàràkàṣì tí wọ́n pa láró pupa lára yẹn. Mo gé e, mo dín in nínú òróró títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi wú, mo fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Abẹ́ igi tó tóbi jù náà ni a tẹ́ ẹní sí. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lá ìka.

Mo wá gbé ìkòkò ọtí náà àti igbá jáde. Mo bù fún bàbá, mo bù fún ẹ̀gbọ́n, mo bù fún agégi, mo bù fún ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi mu ẹẹ́kan, ó wo inú igbá. Ó tún mu.

"Èyí mà dára o," agégi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èso wo lẹ fi ṣe é? Àjàgbọn?"

"Kì í ṣe àjàgbọn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó ti gbàgbé ìdí tó fi wá. "Ó fẹ́ jọ oṣè. Rárá, ọsàn wà níbẹ̀."

Ayọ̀ ti kún bàbá mi, kò lè mú un mọ́ra. Ó na ọwọ́ sókè sí igi tó wà lórí wa. "Kajú mi ni!" ó ní.

Ẹ̀gbọ́n mi wo igbá ọtí, ó wo àwo wàgàṣì tó ti ṣófo, ó tún wo igbá. Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Èmi tí mo ti fi gbogbo àsìkò náà ronú nípa kajú, èmi ni mo lọ ra wàrà, tí mo dín in, tí mo gbé e síwájú wọn. Lọ́kàn mi, wáìnì ni mo ń ṣe. Mo ti gbàgbé pátápátá pé kajú ni.

"Wàrà!" ẹ̀gbọ́n mi pariwo. "A ti jẹ wàrà! Epo! Ẹ gbé epo pupa wá!"

Mo sáré. N kò mọ bí mo ṣe dé ilé, n kò mọ bí mo ṣe padà. Agégi gba ìgò epo lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún bí omi. Ó gbé e kúrò lẹ́nu, ó ní kí a sọ fún ìyàwó òun pé màlúù tó wà lọ́dọ̀ àna òun, tòun ni, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìka ha ọ̀nà ọ̀fun. Èmi kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mu epo.

Bàbá mi ti ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bu ọtí sí igbá rẹ̀, ó mu ún, ó nu ẹnu.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa kú."

"Pàpá, ẹ má mu ún mọ́!" ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ láti gba igbá náà.

"Mo ti ń mu ún láti ìgbà tí àbúrò rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti lọ sí Bassila, màá mu ọtí rẹ̀, màá sì mu wàrà lé e. Bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Lọ bi obìnrin Fúlàní."

Mo gbójú sókè. "Kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí bíi pé n kò gbọ́n tó bí òun ṣe rò. "Ìyá mi, o fẹ́ kí gbogbo ayé máa mu kajú. Wàrà ni gbogbo ayé ń mu níbí. Ọjọ́ kan, ẹnì kan á pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní ọmọ mi ló pa á. Mo ní tó bá jẹ́ pé ó ń pani, kó kọ́kọ́ pa èmi."

"Ẹ̀rù ò bà yín?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ó bà mí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wá síbí, mo dùbúlẹ̀ sí abẹ́ igi yìí, mo ní kí ìyá yín máa retí mi. Mo sùn. Ebi ló jí mi."

Agégi rọra gbé ìgò epo sílẹ̀, epo ti yí i létè. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ bá bàbá mi jà pé kí ló dé tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn mi. Ọkùnrin tó ń gbóòórùn ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan kí wàrà má baà pa wá, òun náà ló lọ mu ún nítorí pé èmi ló se ọtí. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ẹ̀gbọ́n mi wo bàbá. Ó wo igi. Ó wo ẹ̀rọ tó wà lórí mọ́tò, ó sì mi orí pé rárá sí agégi, agégi náà sì fún okùn ẹ̀rọ náà le sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú èérún wàgàṣì tó kù sí etí àwo, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó na igbá rẹ̀ sí mi.

"Bu òmíràn fún mi," ó ní.